Captain Davies: Òwò rẹ̀ wó, àbọ̀ọ̀ṣẹ́ rẹ̀ di ọrọ̀ ilẹ̀ Yorùbá

Kò sí ọmọ Èkìtì tí ó ti dàgbà díẹ̀ tí kò mọ ohun tí owó kòkó ṣe ní ilẹ̀ wa. Owó kòkó ni ọ̀pọ̀ bàbá fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, òun ni wọ́n fi kan páànù sórí ilé tí koríko bò tẹ́lẹ̀, òun náà ni wọ́n fi gbé ìyàwó, tí wọ́n fi sìnkú àgbà. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ọ̀tùn, níbi tí igbó ti fẹ́ẹ́ parí tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ìlú tí owó yìí kò dé. Ẹni tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò gba kòkó dáadáa pàápàá, kò ní ṣàì ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan tí ó lọ dá oko sí igbó ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi èèyàn mẹ́wàá léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ dá oko kòkó gidi ní ilẹ̀ Yorùbá, bóyá ni a ó rí ẹnì kan nínú wọn tí yóò dárúkọ James Pinson Labulo Davies.

Èyí tí ó tún yani lẹ́nu ni pé Davies kì í ṣe àgbẹ̀. Atukọ̀ ojú omi ni, lẹ́yìn náà ni ó di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Kòkó tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ohun ìrántí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ó ti bá a pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní Èkó, tí ó fi owó rẹ̀ tì lẹ́yìn kí ó tó dìde. Òwò tí ó gbájú mọ́, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí ẹni ń kọ́ ilé alájà, ni ó wó lulẹ̀ níṣojú rẹ̀. Àwọn ohun tí ó fọwọ́ bà bí àbọ̀ọ̀ṣẹ́ ni kò kú. Ìtàn ọkùnrin yìí ni a mú wá fún yín, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń dá òwò tuntun sílẹ̀ lọ́wọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì tún ń fà sí nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1828 ni wọ́n bí i ní ìlú Bathurst ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n ti tà sí oko ẹrú, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n wá kó wọn lọ sí Sàró láti máa gbé gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹ̀kọ́ ọmọ ṣeré. Wọ́n mọ̀ pé ìwé ni ọ̀kọ̀ àti apata ọmọ tí kò ní ilẹ̀ baba ní àjèjì ìlú. Nígbà tí ìjọ CMS dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1845, ọmọ Davies wà lára àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀. Ó kọ́ ìṣirò, ó kọ́ èdè Látìnì àti ti Gíríìkì, ó kọ́ nípa orin àti nípa bí ilẹ̀ ayé ṣe rí. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ di olùkọ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ká ní ó jókòó ti iṣẹ́ olùkọ́ náà ni, bóyá ìtàn rẹ̀ ì bá parí sí Sàró. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1849 àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ etíkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá ọkọ̀ tí ó bá kó ẹrú dúró. Davies wọlé síbẹ̀ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, nínú ọkọ̀ ogun tí ń jẹ́ Volcano. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí: ọmọ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, òun náà ni ó wá ń tu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń ka ìràwọ̀, bí a ti ń wo àwòrán òkun, àti bí a ti ń darí ọkọ̀ gba ojú agbami. Nígbà tí ọdún 1851 ń parí lọ, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wà nínú ọkọ̀ Bloodhound, ó sì fara gbọgbẹ́ nínú ìjà náà. Ní ọdún 1852 ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó sì di ọ̀gá nínú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò tí ń lọ tí ń bọ̀ ní etíkun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Captain Davies, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí tí ó fi kú.

Ní ọdún 1856 ni ó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, tí ó sì dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Kí òǹkàwé tó lè mọ bí ohun tí ó dáwọ́ lé ṣe wúwo tó, ó yẹ kí a sọ bí òwò ayé ìgbà náà ṣe rí. Oníṣòwò Èkó kì í sábà ní owó lọ́wọ́ tí yóò fi ra ọjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Manchester àti Liverpool ni wọn yóò fi aṣọ, ọtí, iyọ̀ àti ohun èlò irin ránṣẹ́ sí i ní àwìn. Òun náà yóò pín wọn fún àwọn alárojà tí ń lọ sí òkè, ní àwìn bákan náà. Àwọn wọ̀nyí yóò kó epo pupa, èkùrọ́ àti òwú bọ̀ láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti àwọn ìlú tí ó wà lókè lọ́hùn-ún. Epo náà ni yóò wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi san gbèsè. Bí ọ̀nà bá là, tí epo sì wọ́n lọ́jà Liverpool, oníṣòwò á là. Bí ogun bá dí ọ̀nà, tàbí tí epo bá dínwó, gbèsè kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú irú òwò yìí ni Davies ti dìde, tí ó ní ọkọ̀ àti ilé, tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn olówó tí orúkọ wọn gbòde jù lọ ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1870.

Ọdún mẹ́ta péré ni ó tíì lò ní Èkó nígbà tí ó ti tọwọ́ bọ ohun mìíràn. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, tí ó jẹ́ àna Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, fẹ́ dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ ní Èkó bí irú èyí tí ó wà ní Freetown, ṣùgbọ́n kò sí owó ìwé àti ti ohun èlò. Ní oṣù kẹrin ọdún 1859, Davies fi àádọ́ta pọ́n-ùn sílẹ̀. Owó kékeré kọ́ nígbà náà, pàápàá fún ẹni tí òwò tirẹ̀ ṣì ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún náà, ilé-ìwé CMS Grammar School ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ mẹ́fà. Òun ni ilé-ìwé girama tí ó dàgbà jù lọ ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n ń wá owó láti mú ilé-ìwé náà gbòòrò ní ọdún 1867, Davies tún fi ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn sílẹ̀. Kò rí èrè kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, kò sì bá wọn du ipò ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ilé-ìwé yìí ni Herbert Macaulay, ọmọ àlùfáà náà, ti kàwé, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó di agbẹjọ́rò, dókítà àti akọ̀ròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa.

Ní ọdún 1862 ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ gba gbogbo ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àìná ni orúkọ ọmọbìnrin náà kí ó tó di Sarah Forbes Bonetta. Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ti mú un ní ọdún 1848 nígbà tí wọ́n run ìlú náà, tí wọ́n sì pa àwọn òbí rẹ̀. Ní ọdún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, gbà á lọ́wọ́ Ọba Gezo, ó sì mú un lọ bá Ọbabìnrin Victoria, tí ó sọ ọ́ di ọmọ àbójútó rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1862, ọjọ́ ìbí Davies gan-an, ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní ìlú Brighton. Wọ́n padà sí Èkó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta: Victoria, Arthur àti Stella. Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ìyá ìsàmì fún Victoria, ó sì fi ago wúrà ránṣẹ́ sí i.

Ọwọ́ ọkùnrin yìí kò sinmi. Ní ọdún 1866, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó tí wọ́n pè ní The Academy, níbi tí àwọn ará ìlú yóò ti máa gbọ́ àsọyé, orin àti ìmọ̀ tuntun. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà, Davies sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1872 wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Òwò ń lọ, ilé-ìwé ń lọ, ẹgbẹ́ ń lọ, ìgbìmọ̀ ń pè é. Ẹni tí ó bá wò ó láti òkèèrè yóò sọ pé kò sí ohun tí ó lè gbé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣubú.

Àṣé ìjàǹbá ti ń bọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1865 ni nǹkan ti ń le fún àwọn oníṣòwò Èkó. Owó epo pupa ń já wálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ elérù tí ó ń fi èéfín rìn ti ń wá déédéé láti ọdún 1852, èyí sì jẹ́ kí oníṣòwò kéékèèké tí kò ní ọkọ̀ lè gba àyè ẹrù, kí ó sì bá àwọn ńláńlá díje. Ìjà láàárín ìjọba Èkó àti àwọn Ẹ̀gbá ń dí ọ̀nà lóòrèkóòrè. Davies jẹ ilé-iṣẹ́ Child, Mills ti Manchester ní gbèsè ńlá, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Àwọn ilé àti ilẹ̀ tí ó ti fi dúró fún owó bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1876, ẹni tí ó ti fi owó kọ́ ilé-ìwé fún ọmọ ọlọ́mọ di ẹni tí ilé-ẹjọ́ kéde pé kò lè san gbèsè mọ́. Ọdún 1880 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ìdè náà.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí ó bá lé eku méjì pọ̀, òfo ni yóò mú bọ̀ wálé. Ó rọrùn láti fi òwe yìí dá Davies lẹ́jọ́, kí a sọ pé ká ní ó jókòó ti òwò rẹ̀ ni, tí kò lọ da owó sí ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ olórin, kò ní wó. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìwé wò dáadáa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àádọ́jọ pọ́n-ùn tí ó ná lórí ilé-ìwé kò tó ohun tí í gbé oníṣòwò bí i tirẹ̀ ṣubú. Ohun tí ó gbé e ṣubú ni pé gbogbo òwò náà dúró lórí owó àwìn, lórí ọjà kan ṣoṣo tí kì í ṣe òun ni ó ń dá owó lé e, àti lórí ọ̀nà tí kì í ṣe òun ni ó ń là á. Òun kọ́ ni ó ṣubú nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó Èkó ìgbà náà tí kò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ ni ìyà kan náà jẹ. A kò sọ èyí láti fi sọ pé kò ní àṣìṣe. Ó yá owó ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì fi ilé sí orí ohun tí ẹ̀fúùfù lè gbé lọ. Àṣìṣe náà wà nínú iṣẹ́ gan-an, kì í ṣe nínú àbọ̀ọ̀ṣẹ́.

Ìgbà tí nǹkan dorí kodò fún un yìí gan-an ni ó ṣe ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1879 àti 1880, ó rí irúgbìn kòkó gbà, apá kan láti inú ọkọ̀ tí ó ti ilẹ̀ Brazil wá, apá kan láti erékùṣù Fernando Po tí wọ́n ń pè ní Bioko nísinsìnyí. Ìmọ̀ tí ó ní nípa ọkọ̀ àti àwọn atukọ̀ ni ó ṣàǹfààní fún un níhìn-ín, nítorí irúgbìn kòkó kò ṣe é fi pamọ́. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú èèpo rẹ̀, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí agbára ìhù tó tán nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀, tí kò sì ní ẹni mímọ̀ nínú ọkọ̀, kò lè rí i gbà láàyè. Davies kó irúgbìn náà lọ sí oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Agége, ó sì gbìn ín.

Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí ó lè kọ́ ọ bí a ti ń ṣe é. Kòkó fẹ́ ibòji nígbà tí ó bá wà ní kékeré, ó fẹ́ òjò, kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Bí ó bá tilẹ̀ yè, ó lè tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so. Lẹ́yìn ìkórè, èèyàn yóò là á, yóò kó ọmọ inú rẹ̀ jọ, yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí ó lè wú, kí ó sì pọ́n, kí ó tó wá sá a sínú oòrùn. Bí a bá fo ọ̀kan nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, ọjà kò ní gbà á. Ẹ ronú sí irú sùúrù tí ọkùnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí gbèsè ti tú ilé rẹ̀, nílò láti gbin igi tí kò ní fi owó ṣe ohunkóhun fún un títí di ọdún márùn-ún sí i. Wọ́n ti gbin kòkó ní agbègbè Bonny ní nǹkan bí ọdún 1874, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, oko Davies ní Ìjọ̀n ni ìpìlẹ̀.

Ìbànújẹ́ kan bá a nígbà náà. Ikọ́ fée ti ń bá Sarah jà. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Madeira bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 1880 ó kú ní ìlú Funchal, ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tí ó pé ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Òkú rẹ̀ kò padà sí Èkó. Davies ri òpó òkúta kan mọ́lẹ̀ ní Ìjọ̀n fún ìrántí rẹ̀. Kò rì í sí iwájú ilé ńlá, kò sì rì í sí ẹ̀bá ilé ìtajà. Oko ni ó rì í sí, láàárín àwọn igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó dàbí ẹni pé ó ti mọ ibi tí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ wà.

Davies kò nìkan jẹ èrè kòkó, kò sì pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí òwò epo túbọ̀ ń le, àwọn oníṣòwò Èkó mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí dá oko sí Agége. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí ó tún jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ African Church tí ó ya kúrò lára ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1901. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn alóko Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ní oko wọ̀nyí, láti Ìjẹ̀ṣà, láti Ondó àti láti Èkìtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká pátápátá ní ọdún 1893. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ì bá wà lójú ogun wá ń rìn lọ sí Èkó láti wá iṣẹ́. Wọ́n rí bí wọ́n ti ń gbin kòkó, wọ́n rí iye tí wọ́n ń tà á, nígbà tí wọ́n sì ń padà sílé, wọ́n mú irúgbìn dání pẹ̀lú owó tí wọ́n gbà. Báyìí ni kòkó ṣe gun òkè, láti ọwọ́ àgbàṣe dé ọwọ́ àgbàṣe, kí ìjọba tó mọ̀ pé nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà pẹ̀lú. Tetteh Quarshie, tí ó mú irúgbìn kòkó bọ̀ láti Fernando Po, tí ó sì gbìn ín sí Mampong ní ọdún 1879, alágbẹ̀dẹ ni. Irin ni ó ń rọ láti jẹun. Ó ku ní ọdún 1892 láì mọ̀ pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ yóò di ẹni tí ń ta kòkó jù lọ ní àgbáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Atukọ̀ kan ní Èkó àti alágbẹ̀dẹ kan ní Gánà ni wọ́n ṣe ohun tí àwọn ọmọ bíbí oko kò tíì ronú kàn. Ojú àjèjì ni ó máa ń kọ́kọ́ rí ohun tuntun nígbà mìíràn.

Ohun tí ó tẹ̀lé e, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960 sókè, Gánà nìkan ni ó ṣáájú Nàìjíríà nínú kòkó títà lágbàáyé, ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì ti ń jáde. Owó rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Òun náà ni ó wà lẹ́yìn ilé gíga tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965, tí wọ́n ń pè ní Cocoa House. Ọmọ àgbẹ̀ Ìkọ̀lé àti ọmọ àgbẹ̀ Ọ̀tùn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, tí bàbá rẹ̀ kò san kọ́bọ̀, jẹ nínú ohun tí oníṣòwò kan tí ó jẹ gbèsè gbìn sí Ìjọ̀n ní ọdún 75 ṣáájú.

Davies fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1906, ní ẹni ọdún 77. Victoria ọmọ rẹ̀ fẹ́ Dókítà John Randle, ọ̀kan nínú àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Èkó. Stella bí ọmọbìnrin kan fún Herbert Macaulay, ọmọ àlùfáà tí Davies fi owó ràn lọ́wọ́ ní ọdún 1859. Nínú ìdílé yìí ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti wá, obìnrin akíkanjú tí kò jẹ́ kí aláìsàn Ebola kan jáde kúrò ní ilé-ìwòsàn ní Èkó ní ọdún 2014, tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i, tí ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là. Èso kòkó kọ́ ni ọkùnrin yìí fi sílẹ̀ nìkan.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ń dá òwò sílẹ̀ ní gbogbo ìlú, láti Adó títí dé Ọ̀tùn. Ẹlòmíràn ń fi fóònù tajà, ẹlòmíràn ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ètò fún àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Ìbéèrè tí ó ń dà wọ́n láàmú kò yàtọ̀ sí ti Davies: bí ohun tuntun kan bá sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí òwò mi kò tíì dúró, ṣé kí n tẹ̀lé e, tàbí kí n pa á tì? Àwọn kan yóò sọ pé kí wọ́n gbájú mọ́ ọ̀kan. Àwọn mìíràn yóò dáhùn pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọ́n yóò tọ́ka sí Twitter, tí wọ́n ń pè ní X báyìí, èyí tí ó jáde ní ọdún 2006 láti inú ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Odeo, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ nǹkan mìíràn. Odeo ti di ìgbàgbé, àbọ̀ọ̀ṣẹ́ rẹ̀ ni ayé mọ̀.

Ìgbésí ayé Captain Davies kò fún wa ní ìdáhùn kan tí ó bá gbogbo ènìyàn mu, ṣùgbọ́n ó fi ohun mẹ́ta hàn. Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe ohun tí ó yà bá náà ni ó pa òwò rẹ̀, gbèsè ni. Kí ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun fi ọ̀sán kan ṣe ohun tí ọkàn òun fẹ́, kí ó kọ́kọ́ ka iye tí ó jẹ. Èkejì ni pé àbọ̀ọ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò ná an ní ohun tí apá rẹ̀ kò ká. Àádọ́jọ pọ́n-ùn ni ó fún ilé-ìwé, kò fi ọkọ̀ rẹ̀ dúró fún un. Ìwọ̀nba irúgbìn tí ó lè rí gbà lọ́wọ́ atukọ̀ ni ó kó lọ sí Ìjọ̀n. Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ olórí, ni pé ohun tí ó kọ́ nínú iṣẹ́ kan ni ó fi ṣe òmíràn. Ẹ̀kọ́ Freetown ni ó jẹ́ kí ó mọ iyì ilé-ìwé. Ọjọ́ tí ó lò lójú òkun ni ó jẹ́ kí ó rí kòkó gbà kí ó tó kú. Kò sí èyí tí ó ṣòfò nínú wọn.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Kòkó kò dá ọkọ̀ Davies padà fún un, kò sì dá àwọn ilé rẹ̀ tí ó bọ́ sọ́wọ́ olówó padà. Ẹni tí ó bá ń ṣe àbọ̀ọ̀ṣẹ́ nítorí pé ó rò pé òun ni yóò gba òwò òun là lè já kulẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó gbin igi kọ́ ni yóò jókòó sábẹ́ ibòji rẹ̀.

Bí ẹ bá kọjá lẹ́bàá títì ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ẹ rí kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní, tí òórùn rẹ̀ sì ta sí yín nímú, ẹ rántí pé ẹnì kan wà tí kì í ṣe àgbẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kún, tí ilé-ẹjọ́ sì ń lé kiri, síbẹ̀ tí ó wá àyè gbin èyí tí ó kọ́kọ́ hù. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.